Ta Ni Ń Jẹ́ Gegechkori?

Nínú gbogbo orúkọ ìdílé tí ó wà ní Jọ́jíà, orílẹ̀-èdè kékeré tí ó wà láàárín àwọn òkè Caucasus àti Òkun Dúdú, ọ̀kan wà tí ó ti gba ọkàn mi fún ìgbà pípẹ́. Gegechkori ni orúkọ náà. Kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé eré bọ́ọ̀lù mọ Kaladze, ó sì mọ Kvaratskhelia. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ òṣèlú mọ Shevardnadze àti Saakashvili. Ṣùgbọ́n Gegechkori? Inú ìwé ìtàn ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lára mínísítà kan tí wọ́n lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Mo tún rí i lára ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ìjọba mínísítà náà jà. Lẹ́yìn èyí ni mo rí i lára ọkùnrin kan tí kì í ṣe orúkọ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí a ń wá gan-an nígbà tí a bá ń béèrè pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ kan, níbo ni ó ti wá, ènìyàn mélòó ni ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí iye bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó yá jù láti parí. Ní Jọ́jíà, orúkọ ìdílé máa ń ní àfòmọ́ ìparí, àfòmọ́ yìí ni ó sì ń tú àṣírí ẹkùn tí ìdílé náà ti ṣẹ̀. Àfòmọ́ -dze, tí ó túmọ̀ sí ọmọ nínú èdè wọn àtijọ́, gbilẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Imereti, ní Guria àti ní Adjara. Àfòmọ́ -shvili, tí òun pẹ̀lú túmọ̀ sí ọmọ, gbilẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Kartli àti Kakheti. Àwọn tí ó ń gbé orí òkè Svaneti ní -iani. Àwọn ará Samegrelo ní -ia, -ua àti -ava. Àfòmọ́ -eli sì sábà máa ń tọ́ka sí ìlú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú orúkọ Rustaveli, akéwì ńlá wọn àtijọ́, tí ó túmọ̀ sí ará Rustavi. Nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí orúkọ wọn parí sí -dze ju 1,600,000 lọ, àwọn tí tiwọn parí sí -shvili sì ju 1,300,000 lọ. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, wọ́n ju ìdajì àwọn ará ilẹ̀ náà lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn àfòmọ́ tí ó ṣọ̀wọ́n wà: -skiri, tí àwọn tí ó ní in lé díẹ̀ ní 2,000, -kva, tí a rí nínú orúkọ Ingorokva, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,000, àti -chkori, tí gbogbo àwọn tí ó ní in kò pé 2,000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ -chkori hàn, orúkọ kan ni wọ́n sábà máa ń mú wá, òun náà ni Gegechkori.

Iye nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn òǹkà lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kí orúkọ pọ̀ tàbí kí ó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òǹkà lásán. Ẹ wo orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní Jọ́jíà, èyí tí í ṣe Beridze. Bí Beridze kan bá jalè ní ìlú kan, Beridze tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú kejì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Wọ́n pọ̀ débi pé orúkọ náà kò dá ẹnikẹ́ni fi hàn mọ́. Orúkọ tí ó ṣọ̀wọ́n kò fún ènìyàn ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan nínú wọn, gbogbo wọn ni yóò bojú wẹ̀yìn.

Ilẹ̀ Samegrelo ni orúkọ yìí ti wá, ní ìwọ̀-oòrùn Jọ́jíà, níbi tí odò ti ń ṣàn láti orí òkè lọ sínú Òkun Dúdú. Àwọn ará ibẹ̀, tí ayé ń pè ní Mingrelian, ní èdè tiwọn lọ́tọ̀. Ìbátan ni èdè náà àti èdè Jọ́jíà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èkejì. Nínú ilé, nínú oko àti ní ọjà ni wọ́n ti ń sọ Mingrelian. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, èdè Jọ́jíà ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n ti ń kọ orúkọ náà nìyí: გეგეჭკორი. Ẹ wo lẹ́tà karùn-ún àti ìkẹfà. Bí a bá fẹ́ pè wọ́n bí onílé ti ń pè wọ́n, a óò sé èémí mọ́ ọ̀fun, a óò sì tú ìró náà sílẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Nínú èdè Jọ́jíà, "ch" tí a sé báyìí yàtọ̀ sí "ch" tí a fi èémí lé jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni "k" sì rí. Èdè Rọ́ṣíà kò mọ ìyàtọ̀ yìí, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo ìwé ìjọba tí wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà kọ, àti àwọn ìwé tí àwa náà ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti pa ìró orúkọ náà rẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá bọ́ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Chkori ni ìránṣẹ́. Àwọn mìíràn túmọ̀ rẹ̀ sí ẹrú. Gege ni orúkọ ẹni tí ó ṣáájú àfòmọ́ náà, nítorí náà ìránṣẹ́ Gege ni odindi orúkọ náà. Ibí yìí ni iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ti le. Ní èdè tiwa, ẹrú yàtọ̀ sí ìwọ̀fà, ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ọmọ-ọ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìránṣẹ́ ọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ olówó. Àwọn ará Jọ́jíà náà ní irú ìṣòro yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wọn, qma, tí ó túmọ̀ nínú ìwé òfin sí ẹni tí a so mọ́ ilẹ̀ olówó rẹ̀, tí kò lè kúrò níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Rustaveli ń lò nínú ewì rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin akọni, ẹlẹ́ṣin tí ń jagun fún ọba. Nítorí náà, mo máa ń fura sí ẹni tí ó bá yára sọ pé orúkọ báyìí, orúkọ ẹrú ni. Ẹrú ta ni? Nígbà wo? Kí sì ni wọ́n ń rán an?

Síbẹ̀, a kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìtàn ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ìdílé Dadiani fi jọba ní Samegrelo. Láàárín ìgbà náà, wọ́n ń ta ènìyàn láti etí òkun níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn ará Tọ́kì. Àwọn àlejò tí ó dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí Jean Chardin ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ní 1803 ni ìdílé Dadiani fi ara wọn sábẹ́ ààbò ọba Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n àwọn tí a so mọ́ ilẹ̀ kò kúrò nínú ìdè wọn. Ní 1857, wọ́n dìde lábẹ́ alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Utu Mikava. Kò sí tábìlì òǹkà orúkọ tí ó lè sọ fún wa irú ọkàn tí alágbẹ̀dẹ náà ní. Wọ́n fi ogun pa ìdìde náà, ó sì di 1867 kí òfin tó tú àwọn ènìyàn náà sílẹ̀, ní ọdún kan náà tí ìjọba Dadiani dópin. Nígbà tí wọ́n bí Evgeni Gegechkori ní agbègbè Martvili ní 1881, ọdún mẹ́rìnlá péré ni ó ti kọjá tí òfin sọ pé kò sí ẹni tí í ṣe ohun ìní ẹlòmíràn mọ́ ní Samegrelo.

Evgeni yìí ni mínísítà tí mo ti mẹ́nu bà. Ó kàwé òfin ní Yunifásítì Moscow, ó sì di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Duma kẹta, láti 1907 títí di 1912. Ẹgbẹ́ Menshevik ni ó wà. Nígbà tí ìjọba ọba Rọ́ṣíà wó ní 1917, òun ni ó darí ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti bójú tó ilẹ̀ ìhà gúúsù Caucasus. Nígbà tí Jọ́jíà sì kéde òmìnira ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1918, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ọdún mẹ́ta kò pé. Ní oṣù kejì ọdún 1921, àwọn ọmọ ogun Bolshevik wọ Tbilisi, ìjọba náà sì bá ọkọ̀ ojú omi sá kúrò ní Batumi ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Faransé ni Evgeni lọ, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní Paris ní 1954.

Gegechkori kejì ni Alexander, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sasha. Bolshevik ni òun. Ìjọba tí Evgeni jẹ́ mínísítà rẹ̀ fi Sasha sí ẹ̀wọ̀n ní Kutaisi ní 1920. Nínú ẹ̀wọ̀n kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ọmọ Samegrelo bí tiwọn, tí ń jẹ́ Lavrentiy Beria. Ọmọbìnrin kan sì máa ń wá wo Sasha lẹ́wọ̀n: ìbátan rẹ̀ ni, tí ó ń gbé ní ilé rẹ̀. Nina Gegechkori ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni nígbà náà. Evgeni tí ó jẹ́ mínísítà, ìbátan rẹ̀ ni. Sasha tí ó wà lẹ́wọ̀n, ìbátan rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn Bolshevik gba ìlú, Sasha di ènìyàn ńlá nínú ìjọba tuntun, Beria sì fẹ́ Nina. Ní 1924 ni wọ́n bí ọmọkùnrin wọn, Sergo.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà láàárín ọdún díẹ̀ yìí. Orúkọ tí àwọn tí ń jẹ́ ẹ kò pọ̀ ti wà lára mínísítà tí ó sá lọ, lára ẹlẹ́wọ̀n tí ó di aláṣẹ, àti lára ìyàwó ọkùnrin tí yóò di olórí ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbogbo ilẹ̀ Sófíẹ̀tì ní 1938. Kì í ṣe pé wọ́n jìnnà sí ara wọn, ẹbí kan ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Beridze ni wọ́n ń jẹ́, òǹkàwé lè rò pé wọn kò mọ ara wọn. Gegechkori kò fi àyè sílẹ̀ fún irú èrò bẹ́ẹ̀.

Sasha kú ní 1928. Ní 1936, ìjọba gba orúkọ Martvili kúrò lára ìlú náà, wọ́n sì sọ ìlú náà ní Gegechkori ní ìrántí rẹ̀. Ìlú àtijọ́ ni Martvili. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn mọ́ǹkì wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ń pe ibẹ̀ ní Chkondidi, èyí tí ó túmọ̀ sí igi óákù ńlá ní èdè Mingrelian. Orúkọ tí ó ń sọ nípa igi àti orúkọ tí ó ń sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì wá fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìránṣẹ́ Gege. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣí àwòrán ilẹ̀ Sófíẹ̀tì láàárín ìgbà náà, yóò rí Gegechkori níbẹ̀, ìlú odindi àti agbègbè tí ó yí i ká.

Ní Paris, lákòókò yìí kan náà, Evgeni ń gbé orúkọ tirẹ̀ káàkiri láàárín àwọn tí ìjọba lé kúrò nílé. Ọ̀tá ìjọba ni ó jẹ́ ní ìlú Moscow. Báwo ni orúkọ kan ṣe lè jẹ́ ti akọni tí wọ́n fi sọ ìlú, kí ó sì jẹ́ ti ọ̀tá lọ́jọ́ kan náà? Ó ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí aláṣẹ bá fẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1951, aláṣẹ kò fẹ́ mọ́. Stalin gbé ẹjọ́ kan dìde tí àwọn òpìtàn ń pè ní ẹjọ́ àwọn Mingrelian. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àṣẹ àkọ́kọ́ jáde láti Moscow, òmíràn sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 1952. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn aláṣẹ kan ní Jọ́jíà ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà di ọ̀tẹ̀: wọ́n ní àwọn ọmọ Samegrelo ti kó ara wọn jọ sínú ìjọba, wọ́n sì ń bá àwọn tí ó wà ní Paris ṣe pọ̀ láti já Jọ́jíà gbà. Orúkọ ẹni tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà ní Paris ni Gegechkori.

Ẹ wo orúkọ àwọn tí wọ́n mú: Baramia, Rapava, Shonia. Àfòmọ́ -ia, àfòmọ́ -ava, àfòmọ́ -ia. Ohun tí mo kà sókè yìí bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ gírámà, pé àfòmọ́ ń tú àṣírí ẹkùn tí ìdílé ti ṣẹ̀, ti di ohun tí ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ẹni tí ó bá jẹ̀bi nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo bí orúkọ ṣe parí. Beria fúnra rẹ̀ mọ̀ pé orí òun ni wọ́n ń fẹ́, nítorí ọmọ Samegrelo ni, ìyàwó rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀sùn náà. Wọ́n tún rán òun náà lọ sí Tbilisi ní 1952 láti lọ darí ìpàdé tí wọ́n ti dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́bi. Ó lọ. Nígbà tí Stalin kú ní oṣù kẹta ọdún 1953, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Beria kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fagi lé ẹjọ́ náà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1953, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un nínú ìpàdé, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù kejìlá. Nígbà náà ni iṣẹ́ ìparẹ́ orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìmọ̀ ńlá ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, tí àwọn ènìyàn ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, ní àròkọ gígùn lórí Beria nínú ìdì karùn-ún. Ní 1954, àwọn tí ó ní ìwé náà rí lẹ́tà gbà: kí wọ́n fi abẹ gé ojú ìwé báyìí-báyìí kúrò, kí wọ́n sì lẹ ojú ìwé tuntun tí ó wà nínú àpò ìwé náà rọ́pò rẹ̀. Àwọn ojú ìwé tuntun náà ń sọ̀rọ̀ lórí Òkun Bering, pẹ̀lú àwòrán púpọ̀. Mo ti máa ń rò ó: ilé mélòó ni ẹnì kan ti jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú abẹ ìfárùngbọ̀n lọ́wọ́, tí ó ń gé orúkọ ènìyàn kúrò tí ó sì ń lẹ òkun mọ́ ọn?

Wọn kò lè gé Sergo bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́jọdínlọ́gbọ̀n ni, ẹnjiníà tí ó ń ṣe ohun ìjà tí a ń fi rédíò darí, tí ó sì ti gba ẹ̀bùn Stalin lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì há wọn mọ́ títí ó fi ku díẹ̀ kí 1954 parí. Wọ́n gba oyè ìwé rẹ̀ àti ẹ̀bùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, Sverdlovsk ni wọ́n rán wọn lọ, ní ẹ̀bá òkè Ural, wọ́n sì fún un ní ìwé ìdánimọ̀ tuntun. Orúkọ tí ó bá nínú rẹ̀ ni Sergei Alekseyevich Gegechkori.

Ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ yìí pẹ̀lú sùúrù. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, orúkọ mẹ́ta ni ènìyàn ń jẹ́: orúkọ àbísọ, orúkọ baba, àti orúkọ ìdílé. Sergo ti di Sergei, orúkọ Rọ́ṣíà. Gegechkori ti gba ipò Beria. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àárín. Ọmọ Lavrentiy, Lavrentyevich ni ó yẹ kí ó jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di Alekseyevich, ọmọ Aleksei. Aleksei wo? Kò sí Aleksei kankan. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní baba tí kò sí, kí wọ́n lè gba èyí tí ó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ pé Lavrentiy Beria pọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀, òótọ́ sì ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pa àwọn ọ̀gágun Poland àti àwọn ará ìlú wọn tí iye wọn lé ní 21,000 ní 1940, ní Katyn àti ní ibòmíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà Chechen àti Ingush kúrò ní ilẹ̀ wọn ní Caucasus ní 1944, tí wọ́n sì dà wọ́n sí àárín gbùngbùn Éṣíà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ìjọba Beria sọ di aláìníbaba ni ó wà tí kò sí ẹni tí ó bá wọn wá orúkọ mìíràn. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ Sergo kò tó ohun tí à ń sunkún lé lórí, n kò ní bá a jiyàn púpọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan kò jẹ́ kí n gbójú kúrò lára rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe mú Gegechkori? Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọkùnrin náà pamọ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní Ivanov. Ivanov kún gbogbo Sverdlovsk, kò sí ẹni tí yóò wẹ̀yìn wò ó. Wọ́n wá mú orúkọ tí ó jẹ́ pé ọmọ Jọ́jíà kankan tí ó bá gbọ́ ọ, yóò mọ ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbòjú tí ó ń fi ojú hàn ni. Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tí ó jókòó rò ó jinlẹ̀: orúkọ ìyá ni ó wà nítòsí, wọ́n sì mú un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó já sí. Orúkọ tí wọ́n fi sùn ọmọ Samegrelo ní ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ní 1952 ni wọ́n fún ọmọ Beria ní 1954 gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi. Orúkọ tí ó wà lára ìlú nínú àwòrán ilẹ̀, nítorí Sasha, ni ó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Ìránṣẹ́ Gege ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n fún gbogbo ọ̀rúndún ogún, ìránṣẹ́ ìjọba ni orúkọ náà, ibi tí wọ́n bá rán an ni ó ń lọ.

Sergo ṣiṣẹ́ ní Sverdlovsk fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí Kiev ní Yukréènì, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti gbé ìyókù ayé wọn. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà bí ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì nílò òye orí rẹ̀. Ní 1990, Martvili gba orúkọ rẹ̀ padà, Gegechkori sì kúrò lórí àwòrán ilẹ̀. Nina kú ní 1991, ọdún tí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì túká. Ní 1994, ìwé kan jáde ní èdè Rọ́ṣíà tí Sergo kọ nípa baba rẹ̀, orúkọ tí ó fi sí i ni Sergo Beria.

Mo ní ohun láti sọ sí ìwé náà. Ó fẹ́ fọ baba rẹ̀ mọ́ ju bí omi ti lè fọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo ohun burúkú ni ó ń tì sí ọrùn ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ sí ọrùn Stalin, àti sí ọrùn àwọn tí ó pa baba rẹ̀. N kò gbà á gbọ́ níbẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí òǹkàwé gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà ní èèpo ẹ̀yìn, mo gba èyí. Ogójì ọdún ni ó fi jẹ́ ọmọ Aleksei. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a ka ẹ̀ṣẹ̀ Beria sí Beria lọ́rùn kò ní ìdí láti máa bá ọmọ rẹ̀ jà pé ó jẹ́ Beria, nítorí bí a bá gé orúkọ náà kúrò nínú ìwé tí a sì lẹ Òkun Bering mọ́ ọn, ta ni a óò béèrè ọ̀rọ̀ àwọn òkú lọ́wọ́ rẹ̀?

Nínú àwọn tí kò pé 2,000 tí orúkọ wọn parí sí -chkori, ìjọba ti fi ẹnì kan kún wọn ní 1954, ẹni náà sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò kí ó tó kú ní ọdún 2000. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbé orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbé ti Beria. Ìyá wọn, Marfa Peshkova, ọmọ-ọmọ Maxim Gorky ni, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́: Peshkov, orúkọ ìdílé tí Gorky fi sílẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, tí ó sì sọ ara rẹ̀ ní Gorky, èyí tí ó túmọ̀ sí kíkorò.